Iye Tí Lukman Dá Lé Ilé Alhaja

Ọjọ́ kan náà ni Lukman àti Ràímì gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ Ọ̀gá Àjàní tó kọ́ wọn níṣẹ́ ọ̀dà kíkùn. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, Ràímì ti kun ilé mẹ́ta. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan péré ni Lukman tíì rí kùn. Bí Ràímì bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá, tó so àkàbà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ńṣe ni oúnjẹ máa ń korò lẹ́nu Lukman.

Ọdún tí Póli ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀fà ni, àwọn onílé ń tún yàrá ṣe de akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Lukman gbọ́ pé Ràímì ti lọ wo ilé Alhaja Safiyat lẹ́bàá réluwéè, kò lè jókòó mọ́. Ó bá Alhaja níwájú ilé, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Alhaja, ẹ kú ilé o. Èló ni Ràímì ní kẹ́ ẹ san?"

"Ẹgbẹ̀rin náírà, tòun tọ̀dà. Ó pẹ́ nínú ilé gan-an, ó ń fi téèpù wọn ògiri."

"Téèpù kẹ̀? Ṣé ṣòkòtò ló fẹ́ rán fún ògiri ni? Ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀ta."

Alhaja rẹ́rìn-ín. "O ò tíì wọlé wò ó."

"Ṣebí yàrá mẹ́rin àti pálọ̀ ni? Mo ti mọ̀ ọ́n, Alhaja."

"Ó parí nìyẹn. Ṣe é tán káwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó dé ní Sátidé o."

Inú Lukman dùn débi pé nígbà tó gbọ́ ní ọjọ́ kejì pé Alhaja ń pe Ràímì lólè káàkiri àdúgbò, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ògiri ilé náà ga, ó sì ń mu ọ̀dà bí ẹni ń mu omi. Yàrá kẹrin ló wá burú jù. Ayálégbé kan ti din àkàrà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, epo àti èéfín ti wọ ara ògiri. Lukman kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Lójoojúmọ́ ni àwọ̀ rẹ̀ tún ń pọ́n bíi tíì. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, owó ọ̀dà ti tán. Bí Sátidé bá bá yàrá náà báyìí, ta ni yóò tún pè é ní Ọ̀fà?

Kò rẹ́ni lọ bá àfi Ràímì.

Ràímì ń jẹun lọ́wọ́. "Yàrá alákàrà ni, àbí?"

Lukman mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọṣẹ lo máa fi fọ̀ ọ́ ná. Lẹ́yìn náà, ọ̀dà tó ń dán, èyí tá a fi ń kun ilẹ̀kùn, kó tó wá kan ọ̀dà olómi. Yàrá yẹn nìkan, àádọ́jọ náírà ni mo fi kún iye tèmi." Ó tọ́ka sí gálọ́ọ̀nù kan lábẹ́ bẹ́ǹṣì. "Ọ̀kan rèé. Ṣùgbọ́n Alhaja ń sọ pé mo fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Lọ sọ òótọ́ fún un, kó o tó wá gbé e."

Ìbá tẹ́ Lukman lọ́rùn kí Ràímì bú òun. Ó padà lọ bá Alhaja.

"Alhaja, Ràímì ò fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ẹgbẹ̀rin ló tọ́ sí ilé yín."

"Kí ló wá dé tí ìwọ fi ní ẹgbẹ̀ta?"

"Mi ò fẹ́ kó jẹ́ òun lẹ máa gbé iṣẹ́ náà fún ni, mà."

"Ẹgbẹ̀ta náà ni màá san o."

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní Ilemona ń wá ọlọ́dà. Ràímì ni màá ní kó lọ wò ó."

Ọ̀rọ̀ náà gún Lukman láyà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaja, ó sì lọ gbé gálọ́ọ̀nù náà.