Ìbọn Tí Kì Í Mọ́

Ẹ wò ó, ẹni tó bá tún bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ìbọn, wàláhì, màá gbá a létí. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni bàbá mi fi ń nu inú ọ̀pá ìbọn kan ṣoṣo nínú pálọ̀ mi ní Baruwa níbí. Ọjọ́ mọ́kànlá! Ẹni tó bá ń kọ́lé á ti mọ ọ́n dé ojú fèrèsé.

Kì í ṣe ṣakabùlà o. Ìbọn òyìnbó ni, èyí tó ń jẹ kátíríìjì, tó sì ní láísẹ́nsì. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá ti gbé e wá, òun náà ló fi ṣọ́ àdúgbò wa fún ọdún mọ́kàndínlógún, tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Bàbá Ọdẹ. Ṣùgbọ́n ara ti ń dara àgbà, iyè sì ti ń rá a. Lóṣù tó kọjá, ní ọ̀sán gangan, Bọ̀dá Festus tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa wá pọn omi ní kànga wa, ni Bàbá bá na ìbọn sí i láyà. "Ta nìyẹn?" Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò sí ọta níbẹ̀. Garawa ṣubú, omi dànù.

Ìjọ́ yẹn ni èmi àti Bọ̀dá Abdulganiyy, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn, pinnu pé ká dá ìbọn padà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ kó kátíríìjì lọ. Bàbá ò bá wa jà. Ó kàn ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í gbé ìbọn dídọ̀tí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n nù ún. Tó bá ti mọ́, ẹ gbé e."

Mo ní kí ló le níbẹ̀? Mo rò pé wákàtí kan ni. Ha! Mo wọ gàù.

Ẹ wá wo pálọ̀ mi. Aránṣọ ni mí, ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ìgò epo máṣìn mẹ́ta ni Bàbá ti dà sínú ìbọn. Ọ̀pá kọ́tìnì mi ló yọ, òun ló fi ń ti àkísà wọnú ẹ̀, kọ́tìnì wá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àkísà gan-an ńkọ́? Láínì tí mo fẹ́ fi tẹ́ inú aṣọ Ọmọ́wùnmí, oníbàárà mi tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ló gé sí wẹ́wẹ́. Mo pariwo títí. Ó ní, "Aṣọ tó fẹ́lẹ́ ló dáa fún ìbọn." Kí ni mo fẹ́ wí fún Ọmọ́wùnmí? Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi sọ ọ́.

Lójoojúmọ́, tó bá ti nù ún tán, á yọ ọ̀pá ìbọn kúrò lára igi rẹ̀, á kọ ẹnu rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. "Mọ̀dínátù, wá wò ó." Màá pa máṣìn tì, màá wò ó. Inú ẹ̀ ń dán bíi ṣíbí tuntun.

"Ó mọ́, Bàbá."

Á gbà á, á di ojú òsì, á fi ojú ọ̀tún wò ó. "Irọ́ lo pa. Nǹkan dúdú kan wà láàárín. Ó ti dógùn-ún." Ó tún di epo, ó tún di àkísà. Bọ̀dá Festus fi fóònù yà á ní fọ́tò kó lè rí i. Bàbá ní, "Fóònù ò pa ẹran rí."

Àná ni Bọ̀dá Abdulganiyy pè mí. "Mò ń bọ̀ lọ́túnla, Jímọ̀. Ó mọ́ o, kò mọ́ o, màá gbà á lọ́wọ́ wọn." Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Ẹni tó ṣọ́ wa fún ọdún mọ́kàndínlógún, ká wá já ìbọn gbà lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni mú olè? Ọkàn mi ò gbà á. Mo fẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sílẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ó tún ní nǹkan dúdú ṣì wà níbẹ̀. Inú bí mi, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo na ìgò epo sí i.

"Bàbá, ẹ fi ojú tẹ́ ẹ fi ń wo ìbọn wo ìgò yìí. Ṣé nǹkan dúdú wà lára ẹ̀?"

Ó di ojú òsì. "Ó wà."

"Ara ògiri ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ojú tèmi ńkọ́?"

Ó tẹjú mọ́ mi. "Ó wà lójú ìwọ náà."

"Ẹ fi ojú òsì wo ìbọn."

"Ọdẹ kì í fi ojú òsì wo ìbọn."

"Ẹ fi wò ó jàre!" Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá ìbọn sókè, ó wò ó títí.

"Háà," ó ní. "Ó mọ́. Ó ti mọ́ tipẹ́."

Alhamdulilahi! Ó kù díẹ̀ kí n jó. Bàbá fúnra rẹ̀ to ìbọn pọ̀, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sórí tábìlì ìgéṣọ mi. Ó nu ọwọ́, ó jókòó. Epo ṣì wà nínú èékánná ẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ọwọ́ méjèèjì.

"Mọ̀dínátù."

"Bàbá."

"Kí ni n óò wá máa ṣe láàárọ̀?"

Fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo ti fẹ́ pe Bọ̀dá Abdulganiyy pé ìbọn ti mọ́. Mi ò pè é mọ́. Mo tú aṣọ tó fi wé e, mo yọ ọ̀pá ìbọn, mo kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ó mọ́ débi pé mo rí géètì, mo rí garawa Bọ̀dá Festus lẹ́bàá kànga.

"Bàbá, kò tíì mọ́ o. Ó ku apá ìsàlẹ̀. Ó di àárọ̀ ọ̀la kó tó mọ́."

Ó ti na ọwọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. "Ṣé o rí i? Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ? Gbé epo wá."

Mo lọ sí ìsọ̀ ọ̀kánkán, mo ra ìgò kẹrin.