Ìpín Tí Kò Lórúkọ

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan ní oṣù Kẹfà, Sàlmà jókòó sílé wọn ní Titirou, àdúgbò kan ní Parakou, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, inú ń bí i. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ìwé èsì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, àwọn méjìléláàádọ́ta, gbọ́dọ̀ tẹ dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ìwé, lọ́wọ́ kí oòrùn tó kàtàrí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ ni kọ̀ǹpútà ń sọ fún un pé àyè ò sí mọ́.

Òun àti Gàní ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lo kọ̀ǹpútà náà. Ọdún tó kọjá ni Gàní pín inú rẹ̀ sí méjì. Ó fi Wíńdóòsì sí apá kan fún ìyàwó rẹ̀, ó fi Línúùsì, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí apá kejì fún ara rẹ̀. Tí wọ́n bá tàn án, á kọ́kọ́ bi wọ́n pé èwo nínú méjèèjì ni wọ́n fẹ́. Sàlmà kì í ṣe ju kó yan tirẹ̀ lọ. Bí ti ọkọ rẹ̀ ṣe rí nínú, kò mọ̀, kò sì béèrè rí.

Ọmọ oníṣòwò aṣọ ní àdúgbò Albarika ni Gàní. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ, bàbá bàbá rẹ̀ náà ta aṣọ kú, òun nìkan ló yà kúrò nídìí ọjà, tó lọ kọ́ nípa omi inú ilẹ̀ ní yunifásítì. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi gun alùpùpù káàkiri abúlé mọ́kànlá ní ọ̀nà N'Dàlí, tó ń wọn bí omi ṣe jìn tó nínú kànga wọn, fún ìwé tí yóò fi gba oyè dókítà. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta ní Kútọnù lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti wọ bọ́ọ̀sì, ó ń bọ̀ nílé.

Sàlmà pe Ìbùkún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe olùkọ́. Òun ni gbogbo wọn ń pè tí kọ̀ǹpútà bá ti yọ wọ́n lẹ́nu.

“Lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣètò dísìkì,” ni Ìbùkún wí lórí fóònù. “Kí lo rí?”

“Mo rí ìpín C tèmi, ó ti kún bámúbámú. Nǹkan gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò lórúkọ.”

“Ṣé ó ṣeé ṣí?”

“Kò ṣí.”

“Àyè òfìfo nìyẹn. Pa á rẹ́, kí o fi kún C.”

“Àwọn nǹkan Bàbá Húsnà ńkọ́?”

“Níbo ló ń kó wọn sí?”

Sàlmà wá a. Ó rí fódà kan nínú C tí wọ́n kọ “Gàní” sí lára. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ Húsnà, ọmọ wọn, wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. “Mo ti rí i. Tirẹ̀ wà níbí.”

Kọ̀ǹpútà bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú, ó sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mejì. C fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ó parí ìwé èsì, ó fi í ránṣẹ́ sí dìrẹ́tọ̀. Nígbà tó rí i pé àyè ti wà gan-an, ó da gbogbo fọ́tò àti fídíò inú fóònù rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó pa á, ó lọ wẹ̀.

Nígbà tó tún un tàn, ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri. Ìlà kan péré ló wà lókè, lẹ́tà funfun wínníwínní tí kò yé e. Ó pa á, ó tún un tàn. Ìlà kan náà. Ẹ̀rọ náà kò béèrè èwo ló fẹ́ mọ́. Bí kò bá béèrè mọ́, a jẹ́ pé méjèèjì kò sí níbẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ó pe Ìbùkún padà.

“Sàlmà,” Ìbùkún rọra wí, “ṣé Línúùsì ni Gàní ń lò?”

“Òun náà ni.”

“O ò sọ fún mi.”

“O ò bi mí!”

Ìbùkún ní, “Wíńdóòsì kì í dá ilé Línúùsì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lórúkọ.”

Sàlmà ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó wé kọ̀ǹpútà sínú ìborùn, ó gun sẹ́mì, ó ní kí ọlọ́kadà náà sáré. Ọkùnrin ará Ṣábẹ̀ kan, Olúwatóbilọ́ba, ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú yàrá kan nítòsí ọjà. Sàlmà ò tíì jókòó tó ti ń rojọ́. Tóbilọ́ba jẹ́ kó rò ó tán, ó wá bi í pé:

“Lẹ́yìn tí ẹ pa ìpín yẹn rẹ́, ṣé ẹ kó nǹkan lé e lórí?”

“Fọ́tò. Àti fídíò.”

“Ó pọ̀?”

“Gbogbo èyí tó wà nínú fóònù mi.”

Tóbilọ́ba mí kanlẹ̀. “Màdáàmù, tí èèyàn bá pa ìpín rẹ́, orúkọ ara ilẹ̀kùn ló pa rẹ́, ẹrù ṣì wà nínú yàrá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kó ẹrù tuntun wọlé, ibi tí tuntun bá jókòó sí, àtijọ́ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣé ọkọ yín ní ẹ̀dà iṣẹ́ náà níbòmíràn?”

Sàlmà ronú dé ibi tí ìrònú lè dé. Fílàṣì kan wà. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti bàjẹ́, Gàní sì ń sọ lójoojúmọ́ pé òun máa ra òmíràn. Orí fóònù ló máa ń kọ iye tó bá wọ̀n sí létí kànga, tó bá délé á kó o sínú kọ̀ǹpútà, á sì pa ti fóònù rẹ́. Àlàyé tó kọ ni ọ̀gá rẹ̀ ní lọ́wọ́, kì í ṣe iye gan-an.

“Kò sí,” ló wí, ó sì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, níwájú ọkùnrin tí kò mọ̀ rí.

“Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù. Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná.”

Ó fi ẹ̀rọ mìíràn wo inú dísìkì náà láìkọ nǹkan kan sórí rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà yóò tó wákàtí márùn-ún. Sàlmà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Kò jẹun. Ó kírun Àílà níbẹ̀, ó wólẹ̀ pẹ́ débi pé obìnrin tó ń ta omi bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó ń wo ìlà kan tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú ẹ̀rọ Tóbilọ́ba: ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá méjìlá. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ohunkóhun lọ́wọ́ òun, kó má gba ti ọkùnrin yìí.

Ìbùkún dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó jókòó tì í, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. “Sọ pé iná mànàmáná ni. Ó lọ, ó dé, ẹ̀rọ náà sì jó. Ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú yìí. Ta ló máa mọ̀?”

Sàlmà gbà á lọ́kàn. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ náà, bí òun á ṣe sọ ọ́ àti ibi tí òun á ti sunkún, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Gàní ni. Bọ́ọ̀sì wọn ti kọjá Ìdàáṣà, afẹ́fẹ́ ń hó lójú fèrèsé.

“Ìyá Húsnà! Ọ̀gá ti gbà á o! Ó ní ti ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí yẹn, kò sẹ́ni tó ní irú ẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí n fi iye oṣù mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé ò ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́ yín.”

“Kí ló dé tí ohùn rẹ rí bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ kú oríire,” ni Sàlmà wí, ó sì pa fóònù.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni Tóbilọ́ba pè é wọlé. Ó ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Fáìlì oṣù àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà jáde, ti ìkejì jáde, iye àwọn kànga tò lọ lẹ́sẹẹsẹ láìsí àbùkù. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Sàlmà ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé, títí fáìlì fi pé mọ́kànlá. Tóbilọ́ba ṣí ìkejìlá, àmì játijàti ló bo ojú ẹ̀rọ. Ó ṣí ìkẹtàlá. Ìkẹrìnlá. Bákan náà.

“Oṣù wo nìwọ̀nyí?” ló béèrè.

“Kejì, Kẹta, Kẹrin,” ni Sàlmà wí. Oṣù ẹ̀ẹ̀rùn ni. Orí wọn gan-an ni fídíò òun jókòó lé.

Tóbilọ́ba tún gbìyànjú ọ̀nà méjì mìíràn. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, kò sì wo ojú rẹ̀.

Gàní wọlé bí oòrùn ṣe ń wọ̀, eruku ọ̀nà lórí fìlà rẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Sàlmà ti to ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà tán. Nígbà tó la ẹnu, òótọ́ ló jáde: C tó kún, Ìbùkún, ìpín tí kò lórúkọ, gbogbo rẹ̀. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró.

Gàní ò pariwo. Ó gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn ti sọ àgbàlá wọn di ẹrẹ̀. Ó ń wo ẹrẹ̀ náà.

“Omi ti dé, Sàlmà,” ló wí. “Omi ti kún gbogbo kànga yẹn. Níbo ni mo ti fẹ́ lọ wọn ẹ̀ẹ̀rùn?”

Ó gbé báàgì rẹ̀ padà, ó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Albarika. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá ọkọ Sàlmà pè é, inú ìyá náà ń dùn láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀: Gàní ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti ṣe tán, òun fẹ́ jókòó sí ìsọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé Sàlmà dìde. Ilé ìwé ti tì. Ó mú Húsnà lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, ó gun alùpùpù tí Gàní fi sílẹ̀, ó gba ọ̀nà N'Dàlí. Kò mọ ohun tó ń wá. Bóyá ẹnì kan kọ nǹkan sílẹ̀, bóyá ẹnì kan rántí. Parakou ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Bàrìbá, èdè tí wọ́n ń sọ lọ́nà ibẹ̀. Ní abúlé àkọ́kọ́ wọ́n fún un lómi mu, wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan. Ní ìkejì, olórí abúlé rẹ́rìn-ín: ta ló ń rántí omi oṣù Kejì nígbà tí òjò ń rọ̀? Òjò ká a mọ́ láàárín ọ̀nà, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹrẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi òrí kan, ó sunkún débi tí kò lè gbé alùpùpù náà dìde.

Ní abúlé kẹta, ìyá àgbà kan rí i tó tutù rínrin, ó mú un wọ ilé ìdáná rẹ̀ kó lè yáná. Sàlmà ń sọ ìdí tó fi wá, kò tilẹ̀ retí nǹkan mọ́. Ìyá náà na ọwọ́ sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀.

Èédú ni wọ́n fi fa ìlà sára ògiri náà, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá náà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn obìnrin máa ń na okùn tó bá kan omi, tí wọ́n ń ka iye ìgbà tí ẹnì kan na apá méjèèjì lórí rẹ̀. Tó bá ti pé mẹ́tàlá, wọn ò ní jẹ́ kí màlúù mu níbẹ̀ mọ́. Àwọn darandaran máa ń jiyàn, ìdí nìyẹn tí òun fi ń fà á sára ògiri, ọ̀wọ́ ìlà kan fún Jímọ̀ kan.

Sàlmà dìde. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń na apá?”

“Èmi ni. Ta ló tún kù?”

Sàlmà bẹ̀ ẹ́ kó dúró, kó na apá méjèèjì, ó sì fi téèpù ìránṣọ wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ méje ló fi yí àwọn abúlé náà ká. Ní ibòmíràn wọ́n ti fi amọ̀ tuntun ra ògiri, ní ibòmíràn wọn ò ka nǹkan kan rí. Nínú kànga mọ́kànlá, mẹ́rin ló rí iye rẹ̀ kọ sínú ìwé kan.

Ó mú ìwé náà lọ sí Albarika. Gàní wà nínú ìsọ̀, ó jókòó láàárín ìdì aṣọ, ó rù. Ó gba ìwé náà láìkí i. Ó kà á pẹ́ títí, ó ń padà sẹ́yìn, ó ń tún un kà.

“O wọn apá ìyá abúlé kẹta yìí?”

“Mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà méjìdínlọ́gọ́ta.”

“Ẹ̀ẹ̀mélòó lo wọ̀n ọ́n?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta.”

“Ọjọ́ wo ni ìlà tó gbẹ̀yìn?”

Sàlmà sọ ọ́ fún un. Wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ báyìí títí oníbàárà kan fi dúró, tó sú u, tó sì lọ.

Ọ̀gá rẹ̀ ní Kútọnù kò gbà á bí Sàlmà ṣe rò. Ó ní apá obìnrin kì í ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n, pé Gàní gbọ́dọ̀ dúró di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kó wọ̀n ọ́n látìbẹ̀rẹ̀, oyè rẹ̀ yóò sì pẹ́ lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n ó ní tó bá fi okùn àwọn obìnrin yẹn àti téèpù tirẹ̀ wọ̀n ọ́n pọ̀, òun á fẹ́ ka ohun tó bá jáde níbẹ̀.

Gàní padà sí Titirou. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ dáadáa. Tí Sàlmà bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, á rí Gàní tó gbójú sókè, tó sì tún rẹ ojú sílẹ̀. Ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì dúró létí kànga abúlé kẹta. Ìyá àgbà náà ń na okùn, Gàní ń sọ téèpù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pe iye rẹ̀. Sàlmà kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì tún kọ ọ́ sínú ìwé kejì.