Kọfí Wà fún Ẹni Tó Gẹrun

Ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ pé ìyàwó àbúrò mi láhun. Mo kàn fẹ́ sọ bí kọfí ṣe di omi lójú wa ni.

Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lèmi àti àbúrò mi ọkùnrin jọ ń lò. Onígbàjámọ̀ ni, aránṣọ lèmi. Kọ́tìnì tá a sábà máa ń ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló wà láàárín wa. Lápá tèmi, ẹ̀rọ ìránṣọ àti òkìtì aṣọ táwọn oníbàárà ń torí ẹ̀ bá mi jà ló wà níbẹ̀. Lápá tirẹ̀, dígí gbọọrọ, àga tó ń yí, àti bẹ́ǹṣì gígùn lábẹ́ fèrèsé fáwọn tó ń dúró de orí wọn. Láti ìgbà tó ti ṣí ibẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn tí kì í rí ife kọfí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa padà wá nìyẹn, nítorí ká má parọ́, orí tí àbúrò mi bá gẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú owó, òun náà ló ń po kọfí. Mínísítà là ń pè é, torí kò sówó tó máa jáde nínú ilé yẹn tí kò ní kọ́kọ́ bi owó náà léèrè ibi tó ń lọ.

Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó dé, ẹyin ló kọ́kọ́ gbéra. Búrẹ́dì tẹ̀ lé e, bó sì ṣe ń wọ́n sí i ló ń kéré sí i, àfi bíi pé ó ń gbààwẹ̀. Òróró àti ṣúgà ò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ti kọfí ló wá kọjá bẹ́ẹ̀. Bí Mínísítà bá ti ilé ìtajà dé, á gbé agolo kékeré náà sórí tábìlì, á sì máa wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó sá nílé ìwé.

"Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́," ló wí, ló bá bẹ̀rẹ̀ ètò. Ó kọ́kọ́ dín ṣíbí tó ń bù kù. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi gbígbóná sórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò lánàá. Ó dọ́jọ́ kan, mo gba ife tèmi, mo bá rí òdòdó tí wọ́n yà sísàlẹ̀ ife náà kedere.

"Ìyàwó," mo ní, "ṣé kọfí rèé, àbí o kàn ṣan ife ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kọfí ni. Ó kàn ń tijú ni."

Ẹni tó lè fèsì bẹ́ẹ̀, kí lẹ fẹ́ bá a fà? Mo mu ún. Ṣùgbọ́n ìtìjú kọfí náà nìkan ò tó láti fi ṣọ́wó ná, nígbà tá a sì padà dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, mo bá ìwé kan lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Lẹ́tà gàdàgbà ni Mínísítà fi kọ ọ́: KỌFÍ WÀ FÚN ẸNI TÓ GẸRUN NÌKAN.

Gbogbo wa la mọ orí tí òfin yẹn ń bá wí, torí orí kan ṣoṣo ló ń wá lójoojúmọ́ tí kò ní irun. Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, ohun tí ìyàwó wa sì ṣe gan-an nìyẹn.

Bàbá Dígí là ń pe olórí náà. Apárí pọ́ńbélé ni. Bí oòrùn bá gba fèrèsé wọlé, orí rẹ̀ á máa dán débi tí àbúrò mi fi máa ń sọ pé dígí méjì lòun ní nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ni akéde ní ibùdókọ̀ rélùweè, àwọn ni wọ́n ń sọ fáwọn èrò pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Ìyàwó wọn kú lọ́dún tó kọjá. Látìgbà náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń wá jókòó sí igun bẹ́ǹṣì, wọ́n á mu ife kọfí kan, wọ́n á sì máa ka ìwé ìròyìn sókè fún wa. Ẹni tó kú ni o, ẹni tó gbá góòlù wọlé ni o, iye tí ẹyin dà ni o, bíi pé ọkọ̀ ń lọ ni wọ́n ṣe ń kà gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá rí ìwé náà, ojú á tì wọ́n, wọn ò ní wá mọ́, àwọn àti ògiri yàrá wọn lá sì máa wo ara wọn.

Wọ́n dé. Wọ́n gbé búrẹ́dì tí wọ́n rà bọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ṣí ìwé ìròyìn, ni ojú wọn bá lọ sára ògiri. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì ti kọ sílẹ̀, ẹnu Bàbá Dígí ló máa gbà jáde.

"Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin èrò! Kọfí wà fún ẹni tó gẹrun..." Ohùn wọn wálẹ̀. "Nìkan."

Mínísítà ń wo inú fúláàsì bíi pé nǹkan rẹ̀ já síbẹ̀. Bàbá ká ìwé ìròyìn wọn, wọ́n dìde. Mo ní ó ti parí. Àfi bí wọ́n ṣe gba iwájú ilẹ̀kùn kọjá, tí wọ́n ṣí fìlà, tí wọ́n sì jókòó sórí àga tó ń yí.

"Ọmọ mi, gẹ̀ ẹ́ fún mi."

"Bàbá," àbúrò mi ní, "kí ni kí n gẹ̀?"

"Èyí tó o bá bá níbẹ̀."

Àbúrò mi wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo fúláàsì. Ló bá so aṣọ mọ́ bàbá lọ́rùn, ó tan ẹ̀rọ ìgẹrun, ó sì ń fi gẹ atẹ́gùn yí orí náà ká.

"Ṣé kí n dín ẹ̀gbẹ́ kù, bàbá?"

"Dín in kù díẹ̀. Má ṣe é bíi tàwọn ọ̀dọ́ o."

A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Ó fi sípírítì nu orí náà, ó fi páúdà pa á, ó rọra fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún. Bàbá di ojú wọn. Nígbà tó tán, wọ́n san owó pé, wọ́n yíjú sí Mínísítà. "Ìyàwó mi, kọfí mi dà?" Kí ló fẹ́ ṣe? Òfin tirẹ̀ ni. Ó bù ú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún gun orí àga. "Ó ti hù," wọ́n ní.

"Kí ló hù, bàbá?" Mínísítà ò lè mú un mọ́ra.

"Irun."

"Níbo?"

"Ṣé ìwọ ni onígbàjámọ̀ ni? Báwo lo ṣe máa rí i?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láràárọ̀. Inú Mínísítà kọ́kọ́ dùn sówó tó ń wọlé. Ṣùgbọ́n ojú tó ń ṣọ́ ọjà kì í ṣọ́ ọjà nìkan. Lọ́jọ́bọ̀, Bàbá Dígí ò mú búrẹ́dì dání. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọn ò mú ìwé ìròyìn dání, ohun tí wọ́n kọ sára agolo páúdà ni wọ́n kà fún wa. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo bojú wo Mínísítà, kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìwé ti kúrò lára ògiri. Òórùn kọfí gidi ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí mo ti gbàgbé bó ṣe rí. Bí Bàbá Dígí ṣe wọlé, Mínísítà gbé ife dúdú kirikiri sí igun bẹ́ǹṣì tiwọn.

"Bàbá, ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí. Kò sófin mọ́. Ọ̀fẹ́ ni."

Mo rò pé wọ́n á jó. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń yí fìlà wọn lọ́wọ́.

"O ṣeun, ìyàwó mi. Ṣé a ò wá ní gẹ̀ ẹ́ mọ́ ni?"

"Bàbá, kò kúkú sírun níbẹ̀. Ẹ lọ fowó yín ra búrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo mọ̀ pé kò sírun." Kì í ṣe ohùn rélùweè ni wọ́n fi sọ ọ́. Ohùn kékeré kan ni, a ò gbọ́ ọ rí. "Ìyá ilé mi ló máa ń fi òróró pa á fún mi láràárọ̀. Látìgbà tó ti lọ, kò sọ́wọ́ tó kan orí yìí mọ́, títí di ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ mi ti dákẹ́, mi ò mọ ìgbà tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Àánú wọn ṣe mí débi tí mi ò lè wojú wọn.

Àbúrò mi nawọ́ sí ẹ̀rọ ìgẹrun, ìyàwó rẹ̀ sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Fi sílẹ̀. Ẹ wá jókòó, bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣe é." Ó da páúdà sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó pọ̀ ju èyí tí ọkọ rẹ̀ máa ń dà lọ, ó sì rọra fi ń pa orí náà láti iwájú dé ìpàkọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó fínnífínní.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó pè mí, "ẹ wá wò ó. Ó ti hù."

Mo dìde nídìí ẹ̀rọ, mo lọ wò ó. "Ó ti hù lóòótọ́," mo ní. "Ó mà pọ̀ o."

"Ṣebí mo ti ń sọ fún yín," ni Bàbá Dígí wí, wọn ò sì lajú.

Kọfí olówó gọbọi yẹn tutù sórí bẹ́ǹṣì, Mínísítà ò tiẹ̀ wẹ̀yìn wò ó.