Agogo Ọ̀sán ní Ṣọ́ọ̀bù Fámúyìwá

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ayọ̀mídé kò tíì mọ̀ pé òun ti ṣubú nígbà tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù padà, tó ń fi àkísà nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ Timothy, awakọ̀ èrò, wà ló kọ́kọ́ wò. Ọkọ̀ ti lọ. Wọ́n ti yí jáàkì wálẹ̀, sípánà táyà sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí òun fúnra rẹ̀ gbé e sí nígbà tí agogo àdúrà dún.

"Akínọlá," ó pe ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, "ta ló sọ ọkọ̀ Timothy kalẹ̀?"

"Èmi ni. Ó ní òun ti pẹ́. Àwọn ìyá ìjọ wọn ń dúró dè é, Èmùré ni wọ́n ń lọ."

"Ṣé o fún àwọn nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, lápá òsì?"

Akínọlá yọ orí kúrò nínú ẹ́ńjìnnì tó ń tú. "Fún kí ni? Ṣebí mo rí gbogbo wọn lẹ́nu táyà."

Wọ́n wà lẹ́nu táyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ni Ayọ̀mídé fi yí wọn wọlé. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn: tí ọkọ̀ bá ṣì wà lórí jáàkì, ọwọ́ ni a fi ń mú nọ́ọ̀tì wọlé, ìgbà tí táyà bá tẹlẹ̀ tán la tó ń fi sípánà fún un títí tí kò fi ní lè mira mọ́. Ibi tí ó kù sí nìyẹn tí ọ̀gá fi lu agogo.

Agogo yìí kì í ṣe agogo gidi. Ríìmù táyà àlòkù ni, tí Fámúyìwá, ọ̀gá wọn, so mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí Ayọ̀mídé tó dé ibẹ̀ rárá, ṣéènì já lọ́wọ́ ọ̀sán, ẹ́ńjìnnì tó so rọ̀ sì já lulẹ̀ síbi tí Fámúyìwá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò láti lọ gbàdúrà. Láti ọjọ́ náà ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kò sí ọ̀sán kan tí ṣọ́ọ̀bù òun kò ní dúró fún Ọlọ́run. Tí ríìmù bá ti dún, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ ẹni, sísọ ló ń sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ á yí jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá tọrọ ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀gá á ní, "Ọlọ́run kì í dúró de sípánà." Gbogbo adúgbò ló mọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn oníbàárà sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ayọ̀mídé fẹ́ràn àdúrà yẹn. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ bẹ Olúwa pé kí àwọn tó ń bi òun bóyá obìnrin ń tú ẹ́ńjìnnì fi ojú ara wọn rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n lónìí, bí wọ́n ṣe ṣe Àmín tán, kí ó tó padà dé ìdí ọkọ̀, ọ̀gá ti rán an sí òdìkejì títì, kó lọ bá oníbàárà kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀ láti jí. Ó rò pé òun á tètè dé. Ọkọ̀ yẹn ló dá a dúró.

Akínọlá ti wá sọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó ní kó dákẹ́ ná. Sátidé tó ń bọ̀ ni òmìnira rẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un níwájú gbogbo ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, tí yóò sì di ọ̀gá ara rẹ̀. Àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ti ń múra láti Òmùò. Bí Fámúyìwá bá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, ó lè ní kó tún lo ọdún kan sí i. Ọ̀nà Èmùré kò sì jìn, Ọlọ́run á ṣọ́ wọn.

"Ṣé Ọlọ́run náà ni yóò wá bá wa fún nọ́ọ̀tì?" Ayọ̀mídé bi í, ó sì gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ.

Fámúyìwá ń jẹun lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí Ayọ̀mídé kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀gá kò pariwo. Òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sínú abọ́, ó ṣan ọwọ́, ó sì pe nọ́ńbà Timothy. Kò lọ. Wọ́n mọ ìdí rẹ̀: Màmá Adébímpé, olórí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wọn, kì í wọ ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba fóònù awakọ̀, kó pa á, kó sì jù ú sínú báàgì.

Ni àwọn méjèèjì bá kó sínú ọkọ̀ ọ̀gá, wọ́n dorí kọ ọ̀nà Ìṣẹ̀ tó lọ sí Èmùré.

Bí wọ́n bá ti dé kọ́nà kan, inú igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni Ayọ̀mídé ń kọ́kọ́ wò kó tó wo iwájú. Ó fẹ́ gbàdúrà, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ àdúrà tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ láti kékeré ti sá lọ. Ẹyọ kan péré ló kù sí i lẹ́nu: Olúwa, dá wọn dúró. Ó ń tún un pè bí ẹni ń ka owó ẹlòmíràn. Wọ́n kọjá oko kòkó, wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Nígbà tó yá, ọ̀gá bi í ní ìbéèrè kan láìwo ojú rẹ̀.

"Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ nígbà tí mo lu agogo?"

"Nọ́ọ̀tì ni, sà."

Ọ̀gá tẹ eré mọ́ ọkọ̀.

Ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, nítòsí àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gàrí, ni wọ́n ti rí ọkọ̀ náà. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ìyá ìjọ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń bó ọsàn. Ayọ̀mídé wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ọwọ́ wọn, ó wo ẹsẹ̀ wọn. Kò sí ẹni tó farapa. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́run, ìwọ ni a kì í mọ ìdí ọ̀nà rẹ.

Timothy ti ń bọ̀ wá pàdé wọn, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ìdọ̀tí abẹ́ ọkọ̀. "Ọ̀gá Fámúyìwá, ta ló sọ fún yín? Ọkọ̀ ń mì lẹ́yìn, mo rò pé sọ́ọ̀kì abẹ́ rẹ̀ ló bàjẹ́. Mo ti wọ abẹ́ rẹ̀, n kò rí nǹkan kan." Ó tún ní gbágungbàgun ọ̀nà lòun kọ́kọ́ pè é, ṣùgbọ́n Màmá Adébímpé ní kí òun dúró, tàbí kí òun máa wo bí màmá náà ṣe ń bẹ́ sílẹ̀.

"Ó ń bá mi jiyàn," ni màmá náà wí láti abẹ́ igi. "Ó ní ṣé etí mi ṣì ń gbọ́ràn ni. Mo ní etí kọ́ ni mo fi gbọ́ ọ, ìdí ni. Orí táyà yẹn gan-an ni mo jókòó lé."

Àwọn ìyá yòókù rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ti ń gbé orin ọpẹ́ lẹ́nu, pé Ọlọ́run tó rán mẹkáníìkì sí wọn láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ìyanu ni. Timothy gbọ́wọ́ sókè. Fámúyìwá wo Ayọ̀mídé.

Kò sí ohun tó rọrùn bíi kí wọ́n bá wọn kọ orin náà, kí wọ́n yọ́ fún nọ́ọ̀tì, kí gbogbo wọn sì túká pẹ̀lú ayọ̀. Ayọ̀mídé rí i bí ó ṣe rọrùn tó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọrin," ló wí. "Ẹ̀bi mi ni. N kò fún nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn kí ọkọ̀ tó jáde. Ìyẹn la ṣe ń lé yín bọ̀."

Orin náà dúró. Timothy padà lọ sídìí táyà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì kan nọ́ọ̀tì kan. Nọ́ọ̀tì náà yí. Ọ̀kan tilẹ̀ ti já bọ́ sọ́nà. Ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Ìyàwó mi ni ìbá jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, bí kì í bá ṣe pé ara rẹ̀ kò yá," ló sọ. Ó yíjú sí Fámúyìwá. "Ọ̀gá, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe é. Kí ọmọ yìí má fọwọ́ kan ọkọ̀ mi mọ́."

Ayọ̀mídé fa sẹ́yìn, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Fámúyìwá mú sípánà àti nọ́ọ̀tì kan jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sídìí táyà. Ṣùgbọ́n sípánà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un, ó tún yọ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti sọ̀rọ̀.

"Timothy, ẹjọ́ tó rò fún ọ kò pé. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo lu agogo, èmi ni mo ní kó jù ú sílẹ̀. Nígbà tí a gbàdúrà tán, èmi náà ni mo tún rán an níṣẹ́. N kò bi í pé kí ló kù."

Màmá Adébímpé béèrè agogo wo ni. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó fi èèpo ọsàn lélẹ̀.

"Fámúyìwá, ta ló sọ fún ọ pé Ọlọ́run ń kánjú? Èmi náà ń gbàdúrà ọ̀sán. Bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná, mo máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ni. Kò tíì bá mi jà rí."

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn ìyá náà. Timothy fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó ń wo ojú títì. Fámúyìwá náà rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. Ó ní láti ọ̀la lọ, kí òun tó lu agogo, òun yóò kọ́kọ́ yí ṣọ́ọ̀bù ká, òun yóò sì bi olúkúlùkù léèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sípánà kò yọ̀ bọ́ mọ́. Ó fún gbogbo nọ́ọ̀tì náà títí wọ́n fi dún.

Ayọ̀mídé kò lè fi í sínú mọ́. Ó bi ọ̀gá bóyá kí òun ránṣẹ́ sí Òmùò pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá ní Sátidé.

"Kí wọ́n wá," ni ọ̀gá wí. "Nọ́ọ̀tì fífún, mo ti kọ́ ọ. Ohun tí o ṣe lábẹ́ igi yìí, n kì í kọ́ èèyàn. Kí ni mo tún fẹ́ fi ọ́ pamọ́ ṣe?"

Màmá Adébímpé béèrè oríkì Ayọ̀mídé, ó ní Àjíkẹ́ ni. Màmá gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó dìde, ó sì gbé e lé ohùn: "Àjíkẹ́, ọmọ òótọ́ inú tí í korò bí ewúro, tó bá dénú tán, a di oògùn. Ọlọ́run tó dá wa dúró kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dúró." Wọ́n ṣe Àmín. Ó wá ní kí wọ́n kó wọ ọkọ̀, kí àwọn tètè dé Èmùré, kí àwọn sì lè padà sí ulé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Timothy kò tíì wọlé. Ó yí ọkọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ó ń fi ẹsẹ̀ kan táyà kọ̀ọ̀kan. Ó gba sípánà lọ́wọ́ Fámúyìwá, ó gbé e dání díẹ̀, ó wá rìn lọ bá Ayọ̀mídé níbi tó dúró sí.

"Ayọ̀mídé, jọ̀wọ́, bá mi wo àwọn táyà mẹ́ta tó kù."