Ẹni Tí A Kò Pè

"Ẹ dákun, ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ni?"

Ohùn obìnrin tó wà lórí fóònù yí padà bìrí. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí òun àti akọ̀wé jọ ń kí ara wọn kú ọ̀sán, tí wọ́n sì jọ ń ráhùn oòrùn tó mú ganrínganrín. Àmọ́ bí akọ̀wé ṣe dárúkọ ọkùnrin náà báyìí, ńṣe ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu onítọ̀hún.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀, mà," ni akọ̀wé dáhùn. "Ó ti pé oṣù méjì. Ọ̀fẹ́ ló ń bá wa ṣe é, ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Orúkọ yín ló kọ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹ mọ òun dáadáa nílé ìwé tí òun ti ṣiṣẹ́ rí. Mo kàn ní kí n bi yín léèrè ìwà ẹ̀, kí n lè parí fáìlì ẹ̀ ni."

"Oṣù méjì? Ó pé oṣù méjì kí ẹ tó pè mí?"

Ká sòótọ́, akọ̀wé ì bá má pè rárá. Ibùdó àwọn ọmọdé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn ọmọ tí òbí wọn kì í tètè dé láti ibi iṣẹ́ máa ń wà tí ilé ìwé bá ti jáde. Àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́túnla, ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá fi kó fáìlì àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn jọ sórí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀, tó ní, "Ìyá wa, gbogbo ibi tó bá ṣófo, ẹ bá mi fàmì sí i." Ó ti fàmì sí ti èèyàn mẹ́ta láì pe ẹnì kankan. Nígbà tó kan ti olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, ó ní kí òun kúkú pe ẹyọ ẹnì kan kí ọkàn òun lè balẹ̀. Ó dá a lójú pé ìyìn lòun máa gbọ́. Bọ̀dá Ẹlẹ́rìn-ín ni àwọn ọmọ ń pe ọkùnrin náà, torí kò sígbà tí eyín rẹ̀ kì í sí níta. Òun náà ló bá wọn tún bọ́ọ̀sì wọn ṣe nígbà tó dẹnu kọlẹ̀.

"Ṣé ó máa ń dá wà pẹ̀lú wọn?" ni obìnrin náà bi í.

"Kí lẹ ní lọ́kàn, mà?"

Akọ̀wé gbọ́ tí wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn kan lọ́hùn-ún. Ohùn obìnrin náà wálẹ̀, ó di ohùn ẹni tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọ̀gá wa ní a ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta. Wọ́n kàn ní kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, kí orúkọ ilé ìwé má baà bàjẹ́. Òbí ọmọ méjì wá sunkún níwájú mi níbí yìí. Ọmọ méjì, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀."

Fóònù dákẹ́.

Akọ̀wé wo aago ara ògiri. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni, ọjọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ó dìde, ó tún jókòó, ó wá gbá fáìlì náà mọ́yà bí ẹni tó ń gbé ọmọ ọwọ́, ó sì gba ọ́fíìsì Ọ̀gá lọ.

Orí àga ni Ọ̀gá dúró lé, ó ń lẹ àwòrán tí àwọn ọmọ yà mọ́ ara ògiri nítorí àwọn àlejò ọ̀túnla. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin láì sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ ojú ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀?" ló bi í.

"Rárá, sà. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Mo gbọ́ ọ lóhùn ẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ orí fóònù nìyẹn. Bóyá ìjà ló wà láàárín wọn. Ẹ fẹ́ ká tìtorí ẹ̀ ba ọmọlúàbí èèyàn lórúkọ jẹ́?"

"Kò yẹ kó dá wà pẹ̀lú wọn, sà. Ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀ fún un lónìí."

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, kò ní wá mọ́. Tí kò bá wá, kí la fẹ́ fi han àwọn aláyẹ̀wò?" Ó tẹ ìka mọ́ etí àwòrán kan tó fẹ́ ká. "Ẹ jẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ kọjá ná. A ó jókòó lé e lórí."

"Títí di Ọjọ́bọ̀ ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá wojú rẹ̀ láti òkè. "Ìyá wa, iṣẹ́ fáìlì la gbà yín fún."

Ó jáde. Ọkọ rẹ̀ kò tíì ríṣẹ́ láti ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára bó ṣe yẹ kó wọ̀ ọ́. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ méjì péré ló kù, pé kí ló lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì.

Ìgbà yẹn ni ó gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tó ń ti odò ìlúwẹ̀ẹ́ bọ̀. Ọgbà ilé ìwé kan ní òdìkejì títì ni odò náà wà, odò onísìmẹ́ǹtì tí wọ́n gbẹ́ fún ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n tò wọlé ní méjì méjì, omi ń kán ní irun wọn, àǹtí tó ń tọ́jú wọn sì wà lẹ́yìn. Akọ̀wé ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá. Mẹ́rìnlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jáde lọ.

"Ẹja Kékeré dà?"

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ẹja Kékeré. Òun ló mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ jù nínú gbogbo wọn, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti jáde.

"Bọ̀dá ní kó dúró, mà," ni àǹtí dáhùn. "Ó fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bẹ́ sómi láti òkè. Òun fúnra ẹ̀ ló máa ń mú un bọ̀."

"Ó máa ń mú un bọ̀? Kì í ṣe òní nìkan?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mà."

Fáìlì bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ìwé fọ́n ká ilẹ̀. Kò ṣà á. Ó sáré gba ẹnu géètì jáde, ó sọdá títì láì wo ọ̀tún wo òsì, awakọ̀ kan fun fèrè mọ́ ọn, ó tún ṣépè lé e. Bàtà rẹ̀ kan yọ, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Omi odò náà dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, kò sí ẹnì kankan létí rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ìpààrọ̀ aṣọ wà ní títì. Ó yí ọwọ́ ilẹ̀kùn náà, kò ṣí. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì lù ú.

"Ta nìyẹn?"

"Ṣílẹ̀kùn!"

"Áà, mà, ẹ kú iṣẹ́ o. À ń bọ̀. Aṣọ ẹ̀ ni kò tíì gbẹ."

Ẹ̀rín wà nínú ohùn náà, bó ṣe máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tó dẹ́rù ba akọ̀wé jù nìyẹn. Ó figbe ta. Ó ń pariwo ṣáá, kò mọ ohun tó ń wí, títí tí bàbá tó ń fọ odò náà fi yọ láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Kí bàbá tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn, ó sì ṣí.

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, ní kọ̀rọ̀, Ẹja Kékeré dúró nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ó ti de bọ́tìnnì rẹ̀ ṣìnà, bàtà ọ̀tún wà ní ẹsẹ̀ òsì. Kò sunkún. Ilẹ̀ ló tẹjú mọ́, bí ẹni pé wọ́n ní kó ka iye òkúta tó wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó lọ," ni akọ̀wé wí. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ọwọ́ náà tutù bí yìnyín.

Kò mú un padà sí ibùdó. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n gbà lọ, ìrìn àdúgbò mẹ́ta, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kejì lásán. Fóònù rẹ̀ ń dún nínú àpò, Ọ̀gá ni, kò gbé e. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: *Ẹ má lọ síbì kankan o. Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ láàárín ara wa.* Ó ń bojú wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

Ìyá ọmọ náà bá wọn ní àgọ́, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn; ilé ìwòsàn ló ti ń tún ilẹ̀ ṣe. Ìgbà yẹn, ọlọ́pàá méjì ti lọ mú ọkùnrin náà ní ẹ̀bá odò, níbi tí bàbá ti fi ìgbálẹ̀ dá a dúró. Ọ̀gá náà ti dé. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń sọ sínú fóònù pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́pàábìnrin kan mú wọn wọ yàrá kékeré. Kò wọ aṣọ ọlọ́pàá, kò sì kánjú. Ó fún ọmọ náà lómi, ó jẹ́ kó mu ún tán.

"Màmá kékeré, ìgbà mélòó ló ti ní kó o dúró?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìka ọwọ́ kan tán, ó bọ́ sí ìkejì. Ìyá rẹ̀ fi ìborùn bo ẹnu ara rẹ̀.

"Ó ní tí mo bá sọ, wọ́n máa ti ibùdó pa," ni Ẹja Kékeré sọ. "Pé gbogbo wa ò ní ríbi dúró de màmá wa."

"Irọ́ ló pa fún ẹ. O ò ṣe nǹkan kan tó burú. Ṣé o sọ fún àgbàlagbà kankan?"

Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ta lo sọ fún?" Ìyá rẹ̀ ti dìde. "Ta lo sọ fún tí kò wá bá mi?"

Ẹja Kékeré kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wo akọ̀wé.

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi?"

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, mo ní mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Ẹ̀ ń kọ̀wé. Ẹ ní ọwọ́ yín dí, kí n lọ sọ fún Bọ̀dá tó ń tún bọ́ọ̀sì ṣe níta."

Bírò ọlọ́pàábìnrin dúró lórí ìwé, ó sì tún ń lọ. Ìyá ọmọ yíjú sí akọ̀wé.

Akọ̀wé di etí tábìlì mú. Ó wá ọjọ́ Mọ́ńdè náà kiri nínú ọpọlọ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà, ohùn ọmọ náà, ìwé tó ń kọ. Ó wá a títí. Kò rántí ohunkóhun.