Iná Ni Wọ́n Pe Dan-u

"Àǹtí, ẹ gbé orí sókè díẹ̀, òjìji ti bo yín nímú," ni So-dam wí láti ẹ̀yìn kámẹ́rà.

Ye-bun kò gbé orí sókè. Pátákó funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló tẹjú mọ́, bí ẹni tí àlejò kan wọlé tọ̀ wá tí kò sì dá a mọ̀. Saju Tak Dan-u, òpó mẹ́rin ìbí tí wọ́n fi ń ka ìwà àti kádàrá ẹni, ló kọ sórí rẹ̀: òpó ọdún ìbí rẹ̀, òpó oṣù, òpó ọjọ́. Òpó kẹrin, ti wákàtí, ṣófo, nítorí kò sẹ́ni tó mọ wákàtí tí wọ́n bí gbajúgbajà akọrin náà. Nínú iná, omi, igi, irin àti ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ka ìwà ẹni, iná ló kún orí pátákó yẹn. Iná lókè, iná nísàlẹ̀, igi gbígbẹ kan ní ẹ̀gbẹ́ tó ń dáná fún wọn.

"Kò jọ ọ́," ni ó wí.

"Kí ni kò jọ kí ni?"

"Ìwé ìbí yìí. Kò jọ ọmọ náà rárá."

So-dam mí kanlẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ye-bun ni, ọmọge tí ẹnu rẹ̀ mú, òun ló sì dá ìkànnì ayélujára sílẹ̀ fún àǹtí rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, Ye-bun kàn máa ń jókòó sí yàrá yìí, lókè ilé ìtajà ẹja tútù kan ní èbúté Mokpo, kó máa retí àwọn ìyá tó fẹ́ mọ̀ bóyá saju ọmọ wọn bá ti àfẹ́sọ́nà mu. So-dam ló ní, "Àǹtí, ẹ fi àwọn ìyàwó sílẹ̀, ẹ máa wo saju àwọn olórin." Ní ìgbà tí Ye-bun fi máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọdé láti Busan dé Jeju ti ń kí i lórí fóònù. Àwọn òǹwosaju ńláńlá ní Seoul fi í ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ń pè é ní Àǹtí Orí Ẹja. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i lójú ayé, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," So-dam wí, "láti àárọ̀ làwọn èèyàn ti ń dúró. Ọmọ Mokpo ni Dan-u, ọmọ Mokpo lẹ̀yin náà. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n fẹ́ gbọ́."

Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kò fara sin. Àdéhùn Yeoul, ẹgbẹ́ olórin tí Dan-u wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iléeṣẹ́ wọn ti fẹ́ parí, gbogbo àwọn yòókù sì ti ní àwọn máa dúró. Dan-u nìkan ni kò tíì sọ nǹkan kan. Àwọn òǹwosaju Seoul wá bá a dáhùn. Wọ́n ní iná oòrùn ni, ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ojú máa wo òun nìkan, pé kò sí bí kò ṣe ní fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Látìgbà náà ni àwọn tó ń pariwo "ọkàn mi ni ẹ́" fún un tẹ́lẹ̀ ti ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n ti háyà ọkọ̀ akẹ́rù tó ní ojú tẹlifíṣọ̀n lára, wọ́n gbé e síwájú iléeṣẹ́ náà, ó ń tan èébú yí ká láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Tí Ye-bun bá tún fi ohùn tirẹ̀ lé e, ohùn ará ilé ọmọ náà, ọ̀rọ̀ á di òtítọ́ lójú gbogbo wọn.

"Wá wo fídíò yìí," Ye-bun wí. Ó ti wò ó láìmọye ìgbà. Dan-u wà lórí pèpéle, òógùn bò ó. Wọ́n gbé omi wá. Ó pín in fún gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó dúró kí wọ́n mu, kó tó wá ti ẹnu bọ tirẹ̀. "Wo eléyìí náà." Àbúrò gbogbo wọn nínú ẹgbẹ́ náà gbàgbé orin láàárín eré. Dan-u fi ohùn tirẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn, kò tilẹ̀ wo ọmọ náà kí ojú má baà tì í. "Ṣé iná oòrùn ló ń ṣe báyìí? Mo ti ń wo saju kí wọ́n tó bí ẹ. Ẹni tó bá ní iná tó tó báyìí á ti yọ ojú burúkú sí ọmọ yẹn kó tó mọ ohun tó ń ṣe."

"Bóyá wákàtí ìbí rẹ̀ ló tù ú lójú."

"Wákàtí kan kò lè pa iná tó pọ̀ tó yìí."

Ibi tí wọ́n ti ń fà á lọ fà á bọ̀ ni ìlẹ̀kùn ti ṣí. Bong-nye ló wọlé, ìyá àgbà tó ń ta ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ìkòkò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí èéfín ń jáde lára rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé òun ló tọ́ Dan-u dàgbà. Kò sì sẹ́nì kan ní àdúgbò náà tó jẹ́ sọ ọ́ fún àjèjì. Àwọn olólùfẹ́ Dan-u ti ra ẹja lọ́wọ́ màmá yìí, wọ́n tún bá a ná an dáadáa, láìmọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi ariwo sílẹ̀, ẹ wá jẹun," ni màmá wí.

Ye-bun sáré gba ìkòkò. "Ẹ kú wàhálà, Ìyá Àgbà. Àtẹ̀gùn yìí ga jù fún yín, ẹ kàn ń fi tiyín ṣe ni." Ó ṣí ìdérí. Ọbẹ̀ ewé òkun ni, ó dúdú, ó ń yọ̀, ìgbín òkun wà nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ tí ìyá ọlọ́mọ tuntun ń mu ni, òun náà sì ni ọmọ ń jẹ ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ ìbí o! A ò tiẹ̀ mọ̀."

"Tèmi kọ́. Ti ọkọ mi ni, Dan-u."

So-dam rẹ́rìn-ín. "Ìyá Àgbà, ẹ ti gbàgbé ni? Oṣù tó kọjá ni ọjọ́ ìbí Dan-u. Èmi fúnra mi bá wọn so bánà láti ibùdókọ̀ ojú irin dé èbúté!"

"Mo rí bánà yín. Ó dára." Màmá rọra jókòó sórí tìmùtìmù. "Ọjọ́ tí ìjọba kọ sílẹ̀ nìyẹn. Òní ni mo gbé e lọ́wọ́ kó tó gbé igbe."

Ye-bun gbé ìdérí ìkòkò dání, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Erékùṣù la wà nígbà náà," màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìjì ń jà, ọkọ̀ ojú omi kò lè kọjá, ilé la bí i sí. Bàbá rẹ̀ wà lójú òkun, ara ìyá rẹ̀ kò le. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, èmi ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n bi mí ní ọjọ́ tí a bí i, mo sọ ọjọ́ náà fún wọn bí a ṣe ń kà á nílé, bí a ṣe ń fi òṣùpá kà á. Akọ̀wé yẹn kọ ọ́ bíi pé oòrùn la fi kà á, bíi ti kàlẹ́ńdà ìjọba. Ẹ̀rù ìjọba ń bà mí, mi ò mọ bí mo ṣe máa ní kó pa á rẹ́."

Ye-bun lu ara rẹ̀ nítan. Tó bá jẹ́ arúgbó ló wá wo saju, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ì bá bi í nìyẹn: ṣé oòrùn ni tàbí òṣùpá? Nítorí pé ọmọ ayé òde òní ni Dan-u, kò bi ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Seoul náà kò bi ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn ti ń wo saju ẹni tí kò sí láyé.

"Wákàtí ńkọ́, Ìyá Àgbà? Ìgbà wo ló wáyé?"

"Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Omi òkun ń kún bọ̀. Àkùkọ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ni."

Ye-bun fa ìwé àjákù kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Nígbà tó dé òpó ọjọ́, ó gbé bírò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sókè bí ọmọdé.

"Omi," ni ó wí. "So-dam, omi ni! Kì í ṣe omi òjò o, omi òkun ni, omi ńlá. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ gbogbo èèyàn tí kò sì ní sọ pé ó wúwo. Ohun tó bá dùn ún, ìsàlẹ̀ ló ń rì í sí, ìdí rèé tí kò fi dá àwọn tó ń bú u lóhùn. Wo irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Irin ló ń bí omi. Ẹni tó tọ́ ọ nìyẹn, ẹ̀yin rèé, Ìyá Àgbà, ẹ dúró gbọin-in. Wákàtí rẹ̀ wá jẹ́ igi, igi tútù tí omi ń bu rin. Orin rẹ̀ nìyẹn. Áà, ó mà dára o! Ó pẹ́ tí mo ti rí saju tó dára báyìí."

Omi lé sí i lójú. Ojú rẹ̀ kò parọ́ fún un láti ọjọ́ yìí wá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ jó.

"Ṣé ó máa dúró?" So-dam béèrè jẹ́jẹ́. "Kò ní fi wọ́n sílẹ̀?"

"Eléyìí? Ohun tó ń fà á sẹ́yìn ni pé ó ń wò ó bóyá gbogbo àwọn yòókù ló rí ìtọ́jú gbà nínú àdéhùn yẹn kó tó fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni."

So-dam fò sókè. "Ó parí! Àǹtí, àwa nìkan la ní i ní gbogbo Kòríà! Ẹ pa iná yẹn rẹ́, ká kọ omi síbẹ̀. Àwọn ará Seoul á wá ibi tí wọ́n máa fi ojú sí. Àwọn tó ń bú u á kó ọkọ̀ akẹ́rù wọn kúrò níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Wọn ò tún ní pè yín ní Orí Ẹja mọ́ láé!"

Ye-bun ti mú aṣọ ìnupátákó. Kí a má parọ́, ó wù ú. Ó ti gbé ẹ̀sín yẹn mì pẹ́. Ó sì mọ̀ pé òtítọ́ yìí á gba Dan-u sílẹ̀ lọ́wọ́ èébú.

Ìgbà náà ló bojú wo màmá. Ìyá Àgbà Bong-nye ti di etí tìmùtìmù mú.

"Ye-bun," ni ó wí, "mo rò pé ọbẹ̀ ni mo gbé wá fún ọ."

"Ìyá Àgbà, wọ́n ń bú u. Ẹ ò rí ohun tí wọ́n ń kọ ni."

"Mo ń rí i. Mo lójú." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Bí ó ṣe ń sùn, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tó jẹ, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá ya àwòrán ilé ìwé rẹ̀, wọ́n wá ya ògiri ilé wa àtijọ́ ní erékùṣù. Oṣù tó kọjá, ó gé kéèkì níwájú gbogbo ayé, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún. Òní nìkan ló kù tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ń sá wọ yàrá kan, ó ń pè mí, èmi ń jẹ ọbẹ̀ níbí, òun ń jẹ ọbẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń wò wá. Tí o bá fún wọn ní òní náà, ibo ni ọmọ mi máa sá sí?"

So-dam wo aago, ó wo àǹtí rẹ̀. Àkókò ètò ti tó.

Ye-bun nu pátákó náà mọ́ tónítóní. Kò kọ nǹkan kan sí i. "Tan kámẹ́rà," ni ó wí.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo mọ ohun tí ẹ ń dúró dè. Ẹ wo pátákó mi, ó ṣófo. Òpó mẹ́ta péré lẹ kó wá fún mi, ẹ wá fẹ́ kí n wọlé sùn síbẹ̀. Àwọn ará Seoul ti wọlé sùn, a bá wọn yọ̀. Èmi ò sùn nínú ilé olópòó mẹ́ta. Saju ẹni tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá bá mi, mi ò wò ó mọ́. Ṣùgbọ́n mo lójú, ẹ̀yin náà sì lójú. Ẹ lọ wo ọjọ́ tí òjò rọ̀ bá wọn ní gbangba. Ibi tí òrùlé kò dé ni Dan-u rìn lọ dúró sí, kí àbúrò wọn tí otútù ti mú tẹ́lẹ̀ lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Ẹ wo bàtà rẹ̀ nínú fídíò yẹn, omi kún inú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe báyìí, ẹ fún un láyè kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dàbọ̀."

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ wọn ń ya wọlé lórí ìkànnì: pé ẹ̀rù ń bà á, pé kò mọ̀ ọ́n mọ́, pé kí Àǹtí Orí Ẹja padà lọ ta ẹja. Ojú So-dam pọ́n. Ìka rẹ̀ ti wà lórí fóònù, ó ti tẹ ọ̀rọ̀ kan, ó pa á rẹ́, ó tún tẹ òmíràn, ó tún pa á rẹ́.

"Ó ń dùn mí, Àǹtí. Òtítọ́ wà lẹ́nu mi, mi ò sì lè sọ ọ́."

"Ó ń dun èmi náà," Ye-bun wí. "Wá jẹun."

Wọ́n pín ọbẹ̀ sí àwo. Wọn ò tíì jẹ ẹ́ jìnnà tí fóònù màmá fi dún nínú àpò rẹ̀. Ó gbé e sétí, ó kẹ̀yìn sí wọn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tó ti di jẹ́ kó máa gbé ohùn fóònù náà sókè gan-an.

"Ìyá Àgbà, ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ má dá nìkan jẹ ẹ́ o, ṣé ẹ fún àwọn ará ilé?"

"Mo fún àwọn ará òkè. Wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, ọkọ mi."

"Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ ẹ́ gbóná."

So-dam fi ọwọ́ bo ẹnu. Ohùn tó ti ń gbọ́ láti ìgbà tó wà nílé ìwé ni, òun sì rèé, kò lè dá a lóhùn. Ó tẹ orí ba, ó mu ọbẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó mu ún.

Nígbà tí màmá gbé fóònù sílẹ̀, So-dam sún mọ́ ọn. "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, èwo gan-an ni ọjọ́ náà nínú oṣù òṣùpá? Kí n lè wá bá yín fọ ewé òkun lọ́dún tó ń bọ̀."

Màmá wò ó láti ilẹ̀ dókè. Lẹ́yìn náà ló fà á mọ́ra, ó sọ ọ́ sí i létí. Ọwọ́ So-dam ti na sí fóònù kó lè tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀, bó ṣe máa ń tọ́jú gbogbo nǹkan. Àǹtí rẹ̀ ń wò ó. Ó dá ọwọ́ dúró, ó dojú fóònù náà dé orí tábílì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ka ọjọ́ náà lábẹ́lẹ̀, títí ó fi mọ́ ọn lórí.