Ohun Tí Dókítà Sọ Nípa Wahab

Raliat Bẹ̀llò ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kó tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìlọrin ni wọ́n ti bí i, Sabon Gari ní Zaria ló ti ń ta àǹkárá. Lọ́dún 1979, ó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án Sátidé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Tudun Wada. Àwọn yòókù fẹ́ gbọ́ Òyìnbó kí wọ́n lè ríṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Chikaji. Raliat ò sọ ohun tí òun wá kọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ wọn, Olúbùkọ́lá Oyèbámijí, jẹ́ ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yunifásítì. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, "may" àti "might" ló ń kọ́ wọn.

"Bí Òyìnbó ò bá mọ nǹkan dájú, ohun tó máa ń sọ nìyí," ló wí. "'It may rain': òjò lè rọ̀, ó sì lè má rọ̀. 'He might have come': ó ṣeé ṣe kó ti dé, a ò kàn mọ̀ ni. Ta ló máa fún mi ní àpẹẹrẹ tirẹ̀?"

Raliat dìde. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì.

"Hí máìtì háfù lífù," ló wí, bí ẹni tó ń ka àdúà tó ti há sórí.

Bùkọ́lá kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù: He might have lived. "Ó dáa gan-an, Ìyá Sarat. Níbo lẹ ti gbọ́ ọ?"

"Lẹ́nu dókítà. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni."

Raliat wá ṣàlàyé. Wahab ọkọ rẹ̀ ló bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ ra àlùbọ́sà ní Gusau nígbà òjò ọdún kan. Bí wọ́n ti ń bọ̀, ọkọ̀ náà dojú dé, wọ́n sì kó àwọn tó ṣèṣe lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà. Ó pẹ́ kí ìròyìn tó kan Raliat. Nígbà tó débẹ̀, kò bá ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kankan. Ó fi fọ́tò han dókítà Òyìnbó tó wà níbẹ̀. Dókítà wò ó títí, ó mi orí, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ni wọ́n bá pe dókítà náà lọ sí yàrá mìíràn. Ẹnì kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló tú ọ̀rọ̀ náà sí Hausa fún un: "Wataƙila yana da rai." Bóyá ó ṣì wà láàyè. Láti ìgbà náà ni Raliat ti ń wá ọkọ rẹ̀ láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, tó sì ń tún gbólóhùn náà pè kó má baà sọnù mọ́ ọn lórí, títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi lè gbọ́ ọ.

"Tíṣà, ṣé bẹ́ẹ̀ ló túmọ̀ sí lóòótọ́?"

Bùkọ́lá kọjú sí bọ́ọ̀dù. Gbólóhùn yẹn ní ojú méjì. Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin náà yè, tí a ò mọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ì bá yè, ṣùgbọ́n kò yè. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀, Òyìnbó kó wọn pọ̀. Ó wo ojú Raliat, ó sì mú èkíní.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Ó lè túmọ̀ sí pé ó yè."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Raliat din kósàí, ìyẹn àkàrà, ó fi ṣe sàárà fún gbogbo agboolé. Ó ní tíṣà gbọ́dọ̀ wá jẹ nínú rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Bùkọ́lá débẹ̀. Òun, Raliat àti Sarat ọmọ rẹ̀ jókòó sórí ẹní, ṣùgbọ́n abọ́ mẹ́rin ni Raliat gbé kalẹ̀.

Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Bùkọ́lá gbọ́ ẹsẹ̀ kan níta. Ó ń wọ́ sálúbàtà nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó rin ọ̀nà jíjìn, tó ti rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Bùkọ́lá yíjú láti kí ẹni tó dé. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Kọ́tìnnì ò tilẹ̀ mì.

"Baba ne," ni Sarat wí ní Hausa, láìgbójú kúrò nínú abọ́ rẹ̀. Bàbá ni.

"Ó máa ń wá báyìí lásìkò màgáríbì," Raliat wí jẹ́jẹ́. "Mo máa ń ní kó wọlé, kì í wọlé. Àwọn àna mi ní kí n ṣe opó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe opó ẹni tó ń wá sílé lójoojúmọ́?"

Bùkọ́lá tún wo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ìyá Sarat, ṣé dókítà yẹn ò sọ nǹkan mìíràn lẹ́yìn gbólóhùn náà?"

"Ó sọ ọ́. Ó ní 'ìf', ọ̀rọ̀ púpọ̀ sì tẹ̀ lé e. Mi ò lè mú wọn. 'Ìf' yẹn nìkan ló kù sí mi létí."

Bùkọ́lá dá kósàí ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á tan rédíò sókè nílé wọn, kó má baà máa tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà. Adédìran ọkọ rẹ̀ bi í léèrè títí ó fi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Fi obìnrin náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìrètí rẹ̀," ni Adédìran wí.

"Ìrètí kọ́ ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá Raliat ní ṣọ́ọ̀bù. Raliat ń ká aṣọ.

"Ìyá Sarat, mo fi nǹkan pa mọ́ fún yín. 'Ìf' yẹn, 'ká ní' ni. Ohun tí dókítà ń sọ ni pé, ká ní nǹkan rí báyìí ni, bóyá ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni, ì bá yè."

"Ì bá yè," Raliat tún un sọ.

Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

"Ẹ ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo fura."

"Mo din kósàí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Raliat ò sọ pé òun ò bínú. Ó ní, "Ẹ máa bá mi dé ilé ìwòsàn yẹn. Bí wọ́n bá tún sọ Òyìnbó, ẹ ó gbọ́ ọ fún mi."

Wọ́n lọ. Dókítà náà ti padà sí ìlú rẹ̀, kò sì sí nọ́ọ̀sì tó rántí nǹkan kan. Bàbá Hausa kan tó ń gbẹ́ sàréè lẹ́yìn ilé ìwòsàn ló rántí ọkọ̀ alálùbọ́sà. Ó ní òórùn àlùbọ́sà gba gbogbo ọ̀nà kan nígbà náà. Àwọn tó kú tí kò sí ẹbí tó wá gbà wọ́n, òun àti àwọn ará ibẹ̀ ló wẹ̀ wọ́n, tí wọ́n kírun sí wọn lára, tí wọ́n sì sin wọ́n.

"Ọ̀kan nínú wọn ga," bàbá náà wí. "Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì lẹ̀ mọ́ra. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́."

Kò sẹ́ni tó bi í nípa ọmọ ìka ẹsẹ̀. Raliat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Òun ni," ló wí fún Bùkọ́lá. Ó wá bi bàbá náà ní Hausa pé èwo ni sàréè rẹ̀.

Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ gbogbo ebè ibẹ̀ pẹrẹsẹ. Bàbá náà nawọ́ sí ebè kan. "Wataƙila wannan." Ó rò ó wò, ó nawọ́ sí ìkejì. "Wataƙila wancan." Bóyá èyí, bóyá ìyẹn.

Raliat dìde. Ó lọ síbi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀, ó ń ṣàdúà fún gbogbo wọn. Níbi èyí tó gbẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé iyẹ̀pẹ̀.

"Wahab, mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Má ṣe yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́. Sùn."

Ó padà sílé, ó ṣe opó. Nígbà tó jáde opó, ó mú Sarat, ó ní àwọn ń lọ sí Ìlọrin lọ ṣe àdúà fìdáù lọ́dọ̀ àwọn àna òun. Bùkọ́lá sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ó fẹ́ bi í bóyá ó ṣì ń gbọ́ nǹkan lásìkò màgáríbì, ṣùgbọ́n ẹrù wọn ló bá wọn gbé wọ inú ọkọ̀.

Ìyá arúgbó kan tó jókòó kọjú sí wọn nínú rélùwéè bi Sarat ní Hausa pé, bàbá rẹ̀ ńkọ́? Sarat wo ìyá rẹ̀.

"Ó ti kú," ni Raliat dáhùn.

"Allah ya jikansa," ni ìyá náà wí. Kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀.

"Àmín." Raliat mú ọsàn kan jáde nínú báàgì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o fún ọmọ rẹ̀.